Ọwọ́ Kejì Nídìí Ẹ̀rọ Ìjórin

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi ya àwòrán egungun àwọn aláìsàn ní ọsibítù, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Gbólóhùn tó ń sọ níbẹ̀ láràárọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: "Ẹ fa èémí sínú. Ẹ mú un dání. Ó yá, ẹ mí." Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lára, àdúgbò gbọ́, ni kóówá bá ń pè é ní Màmá Mú-un-dání. Kò bínú. Ó ní orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ wà nílẹ̀ tí wọn ò rántí fún òun.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, kò tó oṣù mẹ́ta tí ilé fi sú u. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú rẹ̀, ti mọ jíjókòó lásán bí iṣẹ́. "Ìyá wọn, jókòó jẹ́ẹ́," lọkùnrin náà máa ń sọ látẹ̀yìn ìwé ìròyìn. "Àga kì í bu ènìyàn jẹ." Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lè jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa ṣe.

Irin jíjó ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Wẹ́dà kan, ajórin, ló wá tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní tíìgì lọkùnrin náà lò. Ó fi abẹ́rẹ́ kan tó wà lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì dá iná kékeré kan tí kì í ta pàrà, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ti ọ̀pá irin tín-ín-rín bọ inú iná náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ránṣọ. Kò pariwo, kò rú èéfín. Màmá Mú-un-dání fi gíláàsì dúdú kan bojú, ó ń wò ó títí iṣẹ́ fi parí, àwọn aláìsàn sì ń kùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ wẹ́dà, tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ó sì ń pè é ní Ọ̀gá láìtijú. Ewé ló fẹ́ máa ṣe: ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ara páànù alumíníọ̀mù, ewé tó ní iṣan, tó ní igi, tí atẹ́gùn lè mì. Kò fẹ́ tà á. Ó kàn fẹ́ máa rí i lára ògiri ilé rẹ̀ ni.

Nígbà tó tó àkókò láti ra ẹ̀rọ tirẹ̀, Ọ̀gá pè é jókòó.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ariwo tà á fún yín. Ẹ̀rọ tí iná mànàmáná rẹ̀ ń lọ síbì kan ṣoṣo kò lè jó alumíníọ̀mù. Èyí tí iná rẹ̀ ń lọ tó tún ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ fọwọ́ ara yín gbé e wò níbẹ̀, kí ìbàdí yín má lọ máa sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá délé. Ẹ bi wọ́n bóyá iná ilé lásán lè gbé e. Kẹ́ ẹ sì rí i pé iná rẹ̀ lè kéré dáadáa, torí ewé lẹ̀ ń ṣe, ẹ ò ṣe géètì. Iná ńlá á dá ihò sí i lára ni."

"Ó tán?"

"Ó ku ọ̀kan. Ẹ jó nǹkan níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ̀rọ dà bí bàtà. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín."

Ṣọ́ọ̀bù tó lọ wà ní òpin òpópónà kan tó kún fún táyà àti páìpù. Ọkùnrin sísanra kan ló ni ín, ẹni tí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ máa ń parí sí "ẹ̀rí ọkàn mi nìyẹn," débi pé wọ́n ń pe òun náà ní Ẹ̀rí-ọkàn. Ó gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀ fún un ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ òrùn ọ̀sán gangan.

Èkíní tuntun ni, ó kéré bí àpótí oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fúyẹ́. Màmá bi í bóyá ó lè jó alumíníọ̀mù. Ẹ̀rí-ọkàn wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Màmá, kò lè jó o. Ẹ̀rí ọkàn mi nìyẹn." Èkejì lè jó o, ó ní bọ́tìnnì bíi ti ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ kíá.

Ẹ̀kẹta jẹ́ àlòkù. Àwọ̀ eérú ni, ẹnìkan sì ti fi aṣọ wé ibi tí wọ́n ń dì mú lára rẹ̀, ó wé e nígbà púpọ̀, ó wé e dáadáa. Kò wúwo. Iná rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó lè kéré bí iná àtùpà. Pẹ́dà ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń bu iná kù nìkan ni kò sí pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò," ni Màmá wí.

Ó fi páànù méjì sórí tábìlì irin, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi akoto bojú. Ayé ṣókùnkùn. Lẹ́yìn gíláàsì dúdú yẹn, kò sí ohun tí ènìyàn ń rí àfi iná náà àti ohun tó bá sún mọ́ ọn ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Ó tanná. Ó rí ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ méjì mìíràn tó wá láti òdìkejì tábìlì, tó wọ ìbọ̀wọ́ awọ, tó sì rọra tẹ etí páànù mọ́lẹ̀ fún un kó má baà gbéra.

Ó jó o dópin. Nígbà tó ṣí akoto sókè, ojú ibi tó jó tò lọ bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan lé èkejì lórí. Kò jó irú rẹ̀ rí láyé.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi mú un."

Ẹ̀rí-ọkàn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lókèèrè, ó kẹ̀yìn sí iná. "Mú kí ni, Màmá? Èmi tí mi ò ní akoto? Ṣé kí ojú mi fọ́ ni?"

Màmá wo òdìkejì tábìlì. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀ eléruku tó wà níbẹ̀. Kò sí ipasẹ̀ kankan. Ọrùn rẹ̀ tutù lábẹ́ òrùn yẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òjìji ọwọ́ òun ni, pé gíláàsì akoto ṣọ́ọ̀bù ló ti gbó. Ó ra ẹ̀rọ náà.

*

Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ibẹ̀ ló sọ di yàrá iṣẹ́. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá rọlẹ̀, ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ àfi ọjọ́ ìsinmi. Ó ra akoto tuntun. Lọ́jọ́ kìíní tó tanná, ọwọ́ méjì náà ti wà níbẹ̀.

Kò pariwo. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbé òkú àti ààyè sórí tábìlì kì í tètè pariwo. Ó pa iná, ó ṣí akoto, ó wò yíká. Lẹ́yìn náà ó ti tábìlì náà títí ó fi lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sí àyè tí aláǹgbá lè gbà kọjá láàárín wọn. Ó tún tanná. Inú ògiri ni ọwọ́ náà ti jáde báyìí, láti ìgbúnwọ́ síwájú, ó sì na ara rẹ̀ wá bá a di ewé náà mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á gan-an ni pé iṣẹ́ náà ń dára. Tí iná bá ti pọ̀ jù, ìka kan á kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọ̀pá irin bá fẹ́ yẹ̀, ọwọ́ náà á dá a padà sọ́nà. Láàárín oṣù kan, ewé mọ́kàndínlógún ti wà lára ògiri, iṣan wọn tín-ín-rín bí irun. Ọ̀gá wá wò wọ́n, ó fi ìka tọ iṣan ọ̀kan láti ìdí dé orí. "Màmá, ta ló kọ́ yín ní èyí? Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ohun kan tún wà. Màmá mọ ọwọ́ ju bí àwọn kan ti mọ ojú lọ. Ó ti ya àwòrán ọwọ́ tí kò níye. Ó rí i pé nínú ìbọ̀wọ́ òsì yẹn, ibi tó yẹ kí ìka kékeré wà rọ pẹlẹbẹ láti oríkèé kejì. Kò sí egungun níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kan pàtó ni, ẹni tí nǹkan ti gé ìka rẹ̀.

Ó pe ọkọ rẹ̀ wá. Bàbá wọn gbé akoto kejì wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò bí ìyàwó rẹ̀ ti ń jórin, kò rí nǹkan kan àfi iná. "Gbogbo ohun tí mo rí ni owó iná mànàmáná wa tó ń jó lọ," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń jáde lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ìyá wọn, kí ló dé tó o fi ń ṣí àyè sílẹ̀?"

"Àyè wo?"

"O ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má baà gbá ẹlòmíràn lọ́wọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tuntun kan. Tó bá ti di ìdajì iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún á fi ewé sílẹ̀, á yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, á sì nà án síwájú Màmá. Ó ń tọrọ tọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, láìmì, bí ẹni tó mọ̀ pé ó máa rẹ onítọ̀hún. Ó sì ń rẹ Màmá lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan, ó bá ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì náà lọ bá a. Ó yára pa iná.

*

Pẹ́dà ẹsẹ̀ ló sún un dé ilé akólẹ́tà kan. Ẹ̀rí-ọkàn pè é pé òun ti rí àdírẹ́sì ẹni tó ta ẹ̀rọ náà, pé pẹ́dà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Màmá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ ajé kan. Obìnrin aránṣọ kan ló ṣílẹ̀kùn fún un, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, abẹ́rẹ́ mẹ́ta láyà ẹ̀wù.

"Ẹ wọlé, Màmá. Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, ọkọ mi wà ní yàrá." Ó gbé pẹ́dà jáde láti abẹ́ àga. "Òun ló ni ẹ̀rọ náà. Lẹ́tà ló ń pín fún ìjọba, ṣùgbọ́n tó bá délé, férémù kẹ̀kẹ́ ló ń jó fún ìgbádùn ara rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a dúbúlẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò nílé. Mo rò pé kò fẹ́ máa rí i ni."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lè gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí dókítà ò gbà gbọ́." Aránṣọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti bí oṣù méjì, tó bá ti lu agogo mẹ́rin, ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí aṣọ ìbora. Á máa ṣe bí ẹni ń ti okùn bọ abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ á dì pa. Tó bá di nǹkan bí agogo mẹ́fà, á dáwọ́ dúró. Ojoojúmọ́, àfi ọjọ́ ìsinmi."

Aago tó wà lára ògiri ti kọjá mẹ́rin. Màmá ní òun fẹ́ kí aláìsàn náà.

Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà lórí ìbora, wọn ò mì. Màmá kà wọ́n kó tó kí i. Ìka mẹ́wàá ni. Gbogbo rẹ̀ pé, ó gùn, kò sí àpá.

Akólẹ́tà wò ó. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń gbé òkúta kalẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin... lẹ rà á?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ó ṣì... ń bá yín mú un?"

Aránṣọ náà yí sí wọn. "Ta ló ń bá wọn mú kí ni?"

Màmá fa àga sún mọ́ ibùsùn. "Ta ni, sà?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti wà níbẹ̀... kí n tó rà á. Àlòkù lèmi náà rà." Ó mí. "Ó ń tọrọ iná. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ mí. Mo ní... kó gbà á. Kó bá mi parí rẹ̀." Omi yọ lójú rẹ̀. "Ìgbà tí mo ṣí akoto, mo ti wà nílẹ̀. Ó gbà á, tòun ti ọwọ́ mi. Kò dá a padà."

*

Màmá délé, ó yọ wáyà ẹ̀rọ náà, ó fi àpò bò ó, ó ti ìlẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò wọ ibẹ̀. Bàbá wọn se oúnjẹ lọ́jọ́ méjì nínú rẹ̀, kò sì bi í ní nǹkan kan, èyí tí kò ṣe rí.

Lọ́jọ́ kẹrin, aránṣọ náà pè é. "Màmá, ẹ dákun. Ìka rẹ̀ ò mì mọ́ rárá. Ó ti tutù títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ní kí n bi yín ṣé ẹ ti ṣíwọ́. Ó ní tẹ́ ẹ bá ti ṣíwọ́, ọwọ́ òun ti lọ pátápátá nìyẹn. Mi ò mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ ó ń sunkún."

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rù ń bà á, kò fi pa mọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún ki wáyà ẹ̀rọ bọ ojú iná, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi wáyà yìí. Tí mo bá ṣubú, ẹ fà á yọ."

"Tó o bá ṣe kí ni?"

"Ẹ sáà dúró, jọ̀ọ́."

Ó dúró. Màmá fi akoto bojú, ó tanná. Ewé kankan kò sí lórí tábìlì. Ọwọ́ náà jáde láti inú ògiri, kò wá nǹkan mìíràn. Ọ̀tún rẹ̀ là sílẹ̀ gbalaja, ó ń tọrọ.

Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún di tọ́ọ̀ṣì mú ṣinṣin. Ó ju ọ̀pá irin sílẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀ síwájú, ó la àtẹ́lẹwọ́ bí ti òdìkejì, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá aláìsàn tó bá ń jà lórí tábìlì sọ̀rọ̀, ohùn tí kò le, tí kò sì gba àríyànjiyàn.

"Èmi ò fún ọ. Èyí tó o gbà lọ́wọ́ akólẹ́tà, gbé e wá."

Ọwọ́ náà kò mì. Iná ń kùn. Màmá kò mí. Ó rò pé bí òun bá mí, nǹkan á bàjẹ́. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó wúwo. Ó tutù gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá, bí ọwọ́ àwọn tí wọ́n gbé wá sí yàrá rẹ̀ nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wúwo sí i, títí apá Màmá fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ohun kan fà yọ lára rẹ̀, ó gba ọrùn ọwọ́ Màmá kọjá lọ, ó gbóná díẹ̀, ó sì yára. Ìbọ̀wọ́ òdìkejì rọ pẹlẹbẹ, gbogbo ìka rẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n sá. Iná náà sì kú fúnra rẹ̀.

Bàbá wọn kò tíì fa wáyà. Ó dì í mú mọ́ àyà. "Ta lo ń bá sọ̀rọ̀?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ kéré. Màmá na ọwọ́ òsì sí i. Omi tútù ti sẹ̀ sára ìbọ̀wọ́ náà bí ara ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì, ooru ìrọ̀lẹ́ sì mú nínú yàrá yẹn. Olùkọ́ ìṣirò fọwọ́ kàn án. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lápá, wọ́n jọ jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akólẹ́tà gbá ṣíbí mú. Dókítà ní eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe fún un ló ṣiṣẹ́, pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Màmá kò bá a jiyàn. Òun náà ti ṣiṣẹ́ ọsibítù, ó mọ̀ pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, akólẹ́tà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àgbàlá Màmá, ọ̀pá lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rí-ọkàn ti ní òun lè bá Màmá tún ẹ̀rọ náà tà, Màmá sì ti kọ̀. Wọ́n gbé e sórí kọnkéré nínú oòrùn òwúrọ̀, wọ́n tú u. Fáànù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, wáyà, bọ́ọ̀dù, àti eruku. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìyẹn ló tún ba àwọn méjèèjì lẹ́rù jù.

"Ẹ fún mi ní òòlù," ni akólẹ́tà wí.

Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lágbára. Ó gbá a, òòlù fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbà á, Màmá mi orí sí i. Ó gbá a títí bọ́ọ̀dù fi fọ́ yángá-yángá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá lọ ra èyí tó wúwo, tuntun tó ní bọ́tìnnì púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e wọlé, ó ń ráhùn láti ìta títí dé yàrá iṣẹ́. Àárín yàrá ni Màmá gbé tábìlì sí báyìí, ibi tó ti lè yí i ká. Ewé tó kọ́kọ́ dá fi ẹ̀rọ tuntun náà jó wọ́, ìdí rẹ̀ lu, iṣan rẹ̀ nípọn bí okùn bàtà. Ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé, níbi tí gbogbo àlejò á ti rí i.